Aṣòfin Tó Sọ Owó Ìnáwó Di Ogún Bàbá Rẹ̀ Kò Yẹ Fún Ìbò Wa

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi Kàdúná ṣe ibùgbé, láti Kakuri títí dé Kawo, láti Tudun Wada títí dé Sabon Tasha, ìdìbò ọdún 2027 ti ń kan ilẹ̀kùn. Àsìkò tí àwọn olóṣèlú máa ń rántí pé a wà ní ìlú yìí ti dé, àsìkò tí wọ́n ń bá wa jẹ àmàlà, tí wọ́n ń gẹ fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí wọn sí.

Nínú ìpàdé wa tó kọjá, nígbà tí a ń jíròrò lórí ẹni tí a ó tì lẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa dìde, wọ́n ní: “Gbogbo wọn ló ń jẹ. Èyí tó ń jẹ tó sì ń rántí wa, òun ni kí a dìbò fún.” Àtẹ́wọ́ tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà pọ̀. N kò ní dárúkọ bàbá náà, nítorí àgbà ni wọ́n, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ dá ọ̀rọ̀ wọn lóhùn nínú ìwé yìí, nítorí pé bí a bá jẹ́ kí ó lọ láìfèsì, òun ni yóò di òfin ẹgbẹ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń jẹ. Abala 70 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ pé owó oṣù àti àjẹmọ́nú tí àjọ RMAFC bá là kalẹ̀ ni aṣòfin yóò máa gbà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, àjọ náà fi iye rẹ̀ han gbogbo ayé: ₦1,063,860 lóṣù fún sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nínú rẹ̀, ₦168,866 ni owó oṣù gan-an. ₦126,650 wà fún epo ọkọ̀ àti àtúnṣe ọkọ̀, iye kan náà wà fún àwọn ọmọ ọ̀dọ̀, ₦50,660 fún ìtọ́jú àlejò, ₦42,216 fún aṣọ, ₦25,330 fún ìwé ìròyìn. Èyí tó tóbi jù ni ₦422,166 tí wọ́n pè ní owó agbègbè, èyí tó yẹ kí ó máa ná lórí ọ̀rọ̀ àwa tí a dìbò fún un. Ẹ kíyè sí i pé òfin ti bá a ra ìwé ìròyìn, ó ti bá a rán aṣọ, ó ti bá a san owó ọmọ ọ̀dọ̀. Olùkọ́ tó ń gba ₦70,000 lè wò ó kí ó mí kanlẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ni. Bí ó bá mọ níbẹ̀, n kò ní ẹjọ́ kankan láti rò.

Kò mọ níbẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, Shehu Sani, tó ń ṣojú Àárín Gbùngbùn Kàdúná nígbà náà, agbègbè tí èyí tó pọ̀ jù nínú wa ti ń dìbò, sọ ọ́ ní gbangba pé yàtọ̀ sí owó oṣù, sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gba ₦13.5 mílíọ̀nù lóṣooṣù fún ìnáwó iṣẹ́. Owó oṣù tó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́ nígbà náà ni ₦18,000. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ bí mo ti ṣe é: òṣìṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ kó owó oṣù 750 jọ, èyí tí í ṣe ọdún 62 àti oṣù mẹ́fà, láìjẹ, láìmu, láìsanwó ilé, kí ó tó ní ohun tí aṣòfin kan ń gbà fún ìnáwó láàárín oṣù kan. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, oṣù kan náà tí àjọ RMAFC ń sọ̀rọ̀ ₦1,063,860, Sẹ́nétọ̀ Kawu Sumaila láti Gúúsù Kano sọ fún BBC Hausa, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbọ́ láràárọ̀, pé ohun tí òun ń gbà lóṣù ń lọ sí ₦21 mílíọ̀nù. Àwọn méjèèjì kò lè jẹ́ òfin. Ọ̀kan ni òfin, èkejì ni ohun tí wọ́n ń ṣe.

Sani sọ ohun kan mọ́ ọn tí a kò fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí. Ó ní owó ìnáwó náà gbọ́dọ̀ ní rìsíìtì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Níbo ni àwọn rìsíìtì náà wà? Ta ni nínú wa ló ti fi ojú kan ọ̀kan rí? Ara wọn ni wọ́n ń fi hàn. Nínú ẹgbẹ́ wa yìí, akápò tó bá ra ìjókòó mẹ́fà àti kẹ́ẹ̀gì epo kan gbọ́dọ̀ ka ìnáwó náà sí etígbọ̀ọ́ gbogbo wa ní ìparí ọdún, a sì ti dá akápò kan dúró rí lórí ₦4,500 tí kò lè ṣàlàyé. Kò sí ẹni tó dìde lọ́jọ́ náà láti sọ pé gbogbo akápò ló ń jẹ. Alájọ tó bá kó owó àjọ jẹ, kò sí ìyá kan nínú ọjà Kàdúná tí yóò tún ka owó lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ kejì, bó ti wù kí ó mọ ènìyàn kí tó. Kí ló dé tí ọgbọ́n tí a ń lò lórí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà fi ń sá kúrò lórí wa nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di mílíọ̀nù?

Ẹ tún wo ti ọkọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ìròyìn jáde pé ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé náà, tí wọ́n jẹ́ 360, ní ọkọ̀ bọ̀gìnnì tí iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí ₦160 mílíọ̀nù. Oṣù márùn-ún péré ṣáájú ìgbà náà ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ lórí epo, tí lítà epo bẹntiróòlù kan sì fò láti nǹkan bí ₦190 kọjá ₦600. Nígbà tí ariwo pọ̀, Sẹ́nétọ̀ Sunday Karimi tó ń ṣojú Ìwọ̀-Oòrùn Kogí, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, dáhùn pé ọ̀nà ilẹ̀ wa kò dára, ìdí nìyẹn tí àwọn fi nílò ọkọ̀ tó lágbára, àti pé ọkọ̀ àwọn mínísítà ju tàwọn lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún èsì náà kà. Ọ̀nà kò dára, nítorí náà kí á ra ọkọ̀ tí kò ní jẹ́ kí aṣòfin mọ̀ pé kò dára. Láti ọdún 2018 ni wọ́n ti ń tún ọ̀nà Abuja sí Kàdúná ṣe. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí délẹ̀, iṣẹ́ náà kò tíì parí. Bọ́ọ̀sì elérò méjìdínlógún ni àwa fi ń gba inú kòtò kan náà, pẹ̀lú ẹ̀rù ajínigbé láyà wa. Ọkọ̀ ojú irin tí a sá lọ wọ̀ nítorí ọ̀nà náà, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2022 àwọn agbébọn kọlù ú, wọ́n pa nínú èrò, wọ́n sì kó àwọn mìíràn wọ inú igbó lọ. Ta ló yẹ kí ó pe mínísítà jáde kí ó bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ìdí tí ọ̀nà kò fi parí, àti ohun tí wọ́n ṣe sí owó ààbò? Aṣòfin ni. Iṣẹ́ tí a rán an gan-an nìyẹn.

Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù nìyí. Àwọn kan ń sọ pé iye tí àwọn aṣòfin ń ná kò tó nǹkan nínú owó orílẹ̀-èdè. (Ní ọdún 2010, Sanusi Lamido Sanusi tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ sọ pé ó kó ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí ìjọba àpapọ̀ ń ná lórí ìṣàkóso, wọ́n pè é pé kí ó wá kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, ó sì kọ̀.) Ṣùgbọ́n kí a tilẹ̀ gbà pé ó kéré. Àdánù wa tó pọ̀ jù ni ìbéèrè tí wọn kò lè bèèrè mọ́. Ẹni tí kò lè fi ìwé ìnáwó tirẹ̀ hàn, báwo ni yóò ṣe ní kí mínísítà mú tirẹ̀ wá? Mínísítà yóò wo ojú rẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́. Èsì Karimi fúnra rẹ̀ fi hàn wá bí nǹkan ṣe rí: wọ́n wo ọkọ̀ mínísítà láti mọ iye tó tọ́ sí àwọn náà, wọn kò wò ó láti bèèrè bóyá ó tọ́ sí mínísítà. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kún kò lè sọ̀rọ̀, èyí tí a sì rán níṣẹ́ pé kí ó lọ sọ̀rọ̀ ni a ń yìn pé ó mọ ẹnu rẹ̀ í kún.

Wàyí o, bàbá wa ní ó ń rántí wa. Gbogbo wa mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Páànù tuntun tó wà lórí gbọ̀ngàn wa, ẹ̀rọ amúnáwá tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àpò ìrẹsì tó ń wọlé nígbà ọdún Iléyá àti nígbà Kérésìmesì. Yorùbá ti dá ẹjọ́ yìí tipẹ́: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. A fẹ́ràn láti máa pa òwe yẹn mọ́ ẹlòmíràn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé láàárín ọdún mẹ́wàá, tírílíọ̀nù náírà kan ni wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ àkànṣe ní agbègbè àwọn aṣòfin, síbẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ipa rẹ̀ lára ará ìlú. Tírílíọ̀nù kan! Páànù wa wà nínú rẹ̀, ìrẹsì wa wà nínú rẹ̀. Aṣòfin ti gba owó ìrẹsì náà kí ó tó gbé e wá, ó tún gba ìdúpẹ́, ó gba ìlù, ó gba oríkì, ó sì fẹ́ gba ìbò lé e. Mo ti rí ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n lẹ àwòrán aṣòfin mọ́ lára; ìyá tó ń fi í lọ ata ni owó rẹ̀ rà á.

Gbólóhùn kejì ni pé gbogbo wọn ló ń jẹ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ohun tí a ṣe fún ẹni tó ṣí ìkòkò. Sani náà gba owó yẹn, a kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di ẹni mímọ́. Ṣùgbọ́n òun ló sọ ọ́ jáde nígbà tí àwọn tó kù ń nu ẹnu. Nígbà tí ó padà wá tọrọ ìbò ní ọdún 2019, agbègbè wa yìí kò dá a padà. N kò sọ pé nítorí ọ̀rọ̀ owó ni. Ó ti bá gómìnà ìgbà náà jà, ó ti fi ẹgbẹ́ APC sílẹ̀ lọ sí PRP. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé, mélòó nínú wa ló ka òtítọ́ tí ó sọ sí nǹkan kan rárá nígbà tí a tẹ̀ka? Àwọn aṣòfin tó kù ń wò wá. Wọ́n rí i pé sísọ òtítọ́ kò mú ìbò kan wá, dídákẹ́ kò sì lé ìbò kan lọ. Àwa la kọ́ wọn.

Ní ìlú Ọba, níbi tí àwọn ọmọ wa púpọ̀ ń gbé, irú ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2009. Ìwé ìròyìn Daily Telegraph tú ìwé ìnáwó àwọn aṣòfin wọn síta. Aṣòfin àgbà kan, Peter Viggers, ti kọ £1,645 sínú ìwé ìnáwó rẹ̀ fún ilé kékeré tó léfòó lórí omi fún àwọn pẹ́pẹ́yẹ. Àní, wọn kò san owó náà fún un! Síbẹ̀ ìtìjú bíbéèrè lásán tó láti mú kí ó kéde pé òun kò ní du ipò mọ́. Michael Martin tó jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. David Chaytor lọ sẹ́wọ̀n oṣù méjìdínlógún nítorí ìwé èké lórí nǹkan bí £20,000. Elliot Morley tó ti jẹ́ mínísítà rí lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́rìndínlógún. Àwọn ènìyàn yẹn kì í ṣe áńgẹ́lì, wọ́n ti ń jẹ ẹ́ fún ọdún púpọ̀ kí àṣírí tó tú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tú, wọ́n mọ̀ pé ìdìbò ọdún 2010 ń bọ̀, àti pé olùdìbò kò ní pàtẹ́wọ́.

Èyí tí a kì í sọ sókè ní gbọ̀ngàn, tí a ń sọ nígbà tí a bá ń lọ sílé, ni ti “ọmọ wa ni.” Wọ́n á ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ pé kí ọmọ ẹni lọ jí ìlẹ̀kẹ̀ náà gbé lọ́jà. Ẹ rántí ọdún 2007. Patricia Etteh, ọmọ Ìkirè, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, bọ́ sínú wàhálà lórí iṣẹ́ ₦628 mílíọ̀nù láti tún ilé tirẹ̀ àti ti igbákejì rẹ̀ ṣe, pẹ̀lú ríra ọkọ̀ méjìlá. Kò sí ilé ẹjọ́ tó dá a lẹ́bi, ilé ìgbìmọ̀ náà sì tún wẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń sọ ìtàn náà sọ ìyẹn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àwọn tó wádìí ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn sọ pé wọn kò tẹ̀ lé ìlànà. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé, aṣòfin kan láti Katsina ṣubú lulẹ̀ níbẹ̀, ó sì kú. Ní ọdún 2007 yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ aṣọ UNTL ti ilẹ̀kùn rẹ̀ níhìn-ín ní Kàdúná, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́, àwọn ọmọ Yorùbá láàárín wọn, di ẹni tó ń jókòó sílé. Mo gbọ́ ohun tí àwọn kan nínú wa ń sọ nígbà náà ní Kakuri, pé ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, bí ó bá lọ, ipò náà lọ mọ́ Yorùbá lọ́wọ́ nìyẹn. Ó fi ipò sílẹ̀ ní òpin oṣù kẹwàá. Ta ló gba ipò? Dimeji Bankole, ọmọ Abẹ́òkúta. Ìbẹ̀rù tí a fẹ́ fi bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ rárá.

Mo mọ̀ pé ìbẹ̀rù mìíràn wà tí kò ṣe é fi ṣeré. Àjèjì ni wọ́n ń pè wá níbí, ìbá à jẹ́ ibí ni wọ́n ti bí bàbá wa. Àwa tí a rí rògbòdìyàn ọdún 2000 ní ìlú yìí mọ ohun tí ó jẹ́ láti máa wá ẹni tí yóò bá ni sọ̀rọ̀ lókè. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ fi gbà pé ó sàn kí á ní ẹnìkan ní Abuja tó jẹ wá ní gbèsè. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Bí a bá fi ìdákẹ́jẹ́ lórí owó ra ààbò lọ́wọ́ aṣòfin, a ti fi hàn án pé ohun títà ni wá, ẹni tó bá sì san ju tiwa lọ lọ́la ni yóò tà wá fún. Ìbò tí a dì kò ní orúkọ lórí. Kò sí ẹni tó lè mọ èyí tí mo tẹ̀ àti èyí tí ẹ tẹ̀, àfi bí àwa fúnra wa bá dì í ní ìdì kan, tí a gbé e lé olórí kan lọ́wọ́ pé kí ó lọ bá wa tà á.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kí á kọ́kọ́ dìbò fún un, bí kò bá ṣe dáadáa a ó pè é padà. Abala 69 nínú ìwé òfin sọ pé ó ju ìdajì gbogbo àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní agbègbè náà lọ tí yóò fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀, kí àjọ INEC tó ṣe ìdìbò lórí rẹ̀. Ní agbègbè Karimi kan náà, Ìwọ̀-Oòrùn Kogí, wọ́n gbìyànjú láti pe Dino Melaye padà. Ohun yòówù tí ì báà wà nídìí rẹ̀, orúkọ 189,870 ni wọ́n kọ sínú ìwé. Nígbà tí INEC lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù kẹrin ọdún 2018, 18,742 péré ni wọ́n rí fọwọ́ sí. Ọdún mẹ́rin ni a ń gbé ọ̀bẹ lé wọn lọ́wọ́, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó ń padà sí ọwọ́ wa.

Nítorí náà mo ti fi àbá kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé wa. Kí a má ṣe fi gbọ̀ngàn wa sílẹ̀ fún olùdíje kankan, ti ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù, àyàfi bí òun fúnra rẹ̀, kì í ṣe aṣojú rẹ̀, bá dúró níwájú wa láti dáhùn. Ẹni tó bá wà lórí ipò nísinsìnyí yóò ka iye tó ń wọlé fún un lóṣù, àjẹmọ́nú àti owó ìnáwó iṣẹ́, àti ohun tí ó fi ṣe. Yóò dárúkọ iṣẹ́ àkànṣe tó wà lórúkọ agbègbè wa nínú ìwé ìṣúná, kí àwọn ọ̀dọ́ wa lè lọ wo ibi tí wọ́n ṣe é sí. Ẹni tó ń du ipò fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò máa ka irú rẹ̀ fún wa lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Àwọn tó kọ̀, orúkọ wọn yóò jáde nínú ìwé ìròyìn yìí, pẹ̀lú ìdí tí wọ́n sọ. Bí ẹni tó fún wa ní ẹ̀rọ amúnáwá bá bínú nítorí èyí, kí ó rán ọkọ̀ wá gbé e. A ti ṣe ìpàdé pẹ̀lú àtùpà rí.

Àbá náà yóò wá sí iwájú ìpàdé gbogbogbòò ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo bẹ bàbá wa tó sọ̀rọ̀ nígbà tó kọjá pé kí wọ́n wá, kí wọ́n sì tún ọ̀rọ̀ wọn sọ bí ó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀ lọ́kàn wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá lòdì sí àbá náà, kí ó dìde dúró kí ó sọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn, kí ó má dúró di ìgbà tí a bá ń lọ sílé.